Àwọn ìpele ìdàgbàsókè ọkàn àti àjọṣe láti ọmọ ọwọ́ dé arúgbó

Àwọn ìpele ìdàgbàsókè ọkàn àti àjọṣe jẹ́ àlàyé tí Erik Erikson ṣe nípa bí ìwà ènìyàn ṣe ń dàgbà títí dé ọjọ́ ogbó. Frankfurt ní Jámánì ni wọ́n ti bí i ní 1902. Ó kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn lọ́dọ̀ Anna Freud ní Vienna, ó kó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1933, ó sì kú ní 1994. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1950 ni ó ti to ìpele mẹ́jọ sílẹ̀. Ó ti lọ wo bí àwọn Sioux àti Yurok, ẹ̀yà onílẹ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, ṣe ń tọ́ ọmọ kó tó kọ ọ́, ó sì gbà pé ará ilé àti ará ìlú lọ́wọ́ nínú ohun tí ọmọ yóò dà. Ìpele tó bá mẹ́hẹ kì í sé ọ̀nà mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Ó ṣeé tún ṣe lẹ́yìn ọ̀la.

Ní ọdún àkọ́kọ́, ìfọkàntán ni ọmọ ń kọ́. Tó bá sunkún tí wọ́n sì dá a lóhùn, ọkàn rẹ̀ a balẹ̀ sí ayé. Ní Èkìtì, ìyá nìkan kọ́ ló ń pọ̀n ọmọ. Ìyá àgbà àti ẹ̀gbọ́n a máa gbà á pọ̀n, nítorí náà ojú tí ọmọ ń fọkàn tán a máa pọ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó fẹ́ dá nǹkan ṣe fúnra rẹ̀. Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́, àmọ́ bí wọ́n bá ń nà án nítorí gbogbo èyí tó dànù, ìtìjú àti iyèméjì ni yóò gbìn sí i lọ́kàn. Láti bí ọmọ ọdún mẹ́ta, eré tó ń dá sílẹ̀ àti ìbéèrè tí kì í tán ló gba iwájú.

Láàárín ọdún mẹ́fà sí méjìlá, ọmọ fẹ́ mọ ohun tí ọwọ́ òun lè ṣe. Ní Ìṣàn-Èkìtì, tí a mọ̀ mọ́ ìkòkò mímọ, ẹ̀gbẹ́ ìyá tó ń po amọ̀ ni ọmọbìnrin ti ń kọ́ iṣẹ́ náà. Ilé ìwé ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń kojú ìpele yìí lónìí. Èyí tí wọ́n ń fi ipò rẹ̀ ní kíláàsì ṣe yẹ̀yẹ́ lè gbà pé òun kò tó nǹkan kan.

Ìpele ọ̀dọ́langba ni àwọn onímọ̀ wádìí jù. Ìbéèrè rẹ̀ ni: ta ni mí? Ní 1966, James Marcia, onímọ̀ nípa ọkàn, pín ìdáhùn sí mẹ́rin: ẹni tó wá ara rẹ̀ tó sì rí i, ẹni tó ṣì ń wá a, ẹni tó gba ohun tí òbí yàn fún un láìwádìí, àti ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò tíì kàn. Ibí ni àtakò ti pọ̀, nítorí àlàyé náà fi dídá wá ara ẹni ṣe pàtàkì jù. Ọmọ Èkìtì ti ní oríkì àti agboolé kó tó mọ̀rọ̀ sọ. Kò bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, gbígba ohun tí ìdílé fi lélẹ̀ lè jẹ́ àgbà ìwà. Ọjọ́ orí tí Erikson dá kò sì le koko. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá lè pẹ́ kó tó dá dúró.

Nígbà ọ̀dọ́, ìfẹ́ àti ìdáwà ló ń fa ọkàn. Ní agbedeméjì ayé, ohun tí ènìyàn yóò fi sílẹ̀ fún ìran tó ń bọ̀ ló kù, kò sì dúró lórí ọmọ bíbí nìkan: olùkọ́ àti ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ wà nínú rẹ̀.

Arúgbó ń wo ẹ̀yìn wò bóyá ayé tí òun gbé tẹ́ òun lọ́rùn. Ní 2011, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í san ₦5,000 lóṣù fún àwọn àgbàlagbà aláìní. Owó ń ran ara lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìpele yìí kọjá owó: àgbà tí wọ́n ṣì ń bi léèrè nípa ààlà ilẹ̀ tàbí ìtàn ìdílé mọ̀ pé ayé òun ní ìtumọ̀. Joan Erikson, ìyàwó Erik Erikson, fi ìpele kẹsàn-án kún un ní 1997 fún àwọn tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí ara kò gbé mọ́, tí wọ́n sì ní láti tún fọkàn tán ọwọ́ ẹlòmíràn.