Bí ikùn ṣe ń yọ lára obìnrin tó ti lé lógójì ọdún, àti bó ṣe ń wálẹ̀

Obìnrin tó bá ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń sọ, pé oúnjẹ táwọn ń jẹ ò yí padà, iṣẹ́ táwọn ń ṣe ò yí padà, àmọ́ búbà tí wọ́n rán lọ́dún méjì sẹ́yìn ti ń fún, ìró ò yí wọn ká dáadáa mọ́, bẹ́ẹ̀ itan àti apá ò fi bẹ́ẹ̀ tóbi, ikùn nìkan ni gbogbo ẹ̀ ń kó sí. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ o. Ọ̀lẹ kọ́, ọ̀kánjúwà sì kọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara lásìkò yẹn ní ìdí, ẹni tí kò bá sì mọ ìdí ẹ̀ ló máa ń fi ebi pa ara ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, táá jò díẹ̀, tí gbogbo ẹ̀ á tún padà wá tòun tèlé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú irọ́ kan kúrò nílẹ̀. Wọ́n máa ń ní téèyàn bá ti pé ogójì ọdún, ara ò lo oúnjẹ bó ṣe ń lò ó mọ́, ńṣe ló kàn ń sọ gbogbo ẹ̀ di ọ̀rá. Lọ́dún 2021, iṣẹ́ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science, àwọn tó ṣe é wọn agbára tí ara èèyàn tó lé ní 6,400 ń ná lójúmọ́, láti orílẹ̀-èdè 29, látorí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ dórí àgbàlagbà ẹni ọdún 95. Omi pàtàkì kan ni wọ́n ń fún èèyàn mu, wọ́n á wá máa yẹ ìtọ̀ ẹ̀ wò fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ iye kálórì tí ara ń ná. Ohun tí wọ́n rí ni pé tí wọ́n bá ti ro ti bí oníkálukú ṣe tóbi tó mọ́ ọn, látorí ogún ọdún títí dé ọgọ́ta, iye yẹn ò yí padà, tọkùnrin tobìnrin. Ẹ̀yìn ọgọ́ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò tiẹ̀ tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún kan. Torí náà obìnrin ẹni ọdún 48 tó ń sanra, ara ẹ̀ ò tíì jókòó sílẹ̀ rárá, ó ṣì ń ná agbára bó ṣe ń ná an nígbà tó wà lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún.

Kí ló wá yí padà? Ibi tí ọ̀rá ń lọ ló yí padà. Láàárín ọdún 45 sí 55 ni nǹkan oṣù máa ń dáwọ́ dúró fún ọ̀pọ̀ obìnrin, àmọ́ ara ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìmúra ẹ̀ látọdún bíi mélòó kan ṣáájú, nǹkan oṣù á máa ya ìgbà tó bá wù ú, lẹ́ẹ̀kan lóṣù yìí, ó di oṣù mẹ́ta, ó tún wá lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan. Lásìkò yẹn, hòmónù tó ń jẹ́ estrogen ń lọ sókè sódò, kó tó wá lọ sílẹ̀ pátápátá. Estrogen yìí ló ń darí ọ̀rá obìnrin lọ síbi ìdí àti itan látìgbà tó ti bàlágà, ìdí nìyẹn tí ọ̀dọ́bìnrin fi máa ń tóbi nídìí kó tó tóbi níkùn. Tó bá ti dín kù, ọ̀rá á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ikùn, kì í ṣe abẹ́ awọ téèyàn lè fọwọ́ fún nìkan, ó tún ń lọ sí inú lọ́hùn-ún, yíká ẹ̀dọ̀ àti ìfun. Èyí tó wà ní inú lọ́hùn-ún yẹn ló ń fa wàhálà, òun ló ń bá àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn ọkàn rìn.

Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí ńlá kan tó ń jẹ́ SWAN ti ń tẹ̀ lé àwọn obìnrin, aláwọ̀ dúdú wà nínú wọn, láti nǹkan bí ọdún 1996. Ohun tó jáde nínú ẹ̀ ni pé ní bí ọdún méjì ṣáájú nǹkan oṣù ìkẹyìn, bí ọ̀rá ṣe ń pọ̀ sí i á yára di ìlọ́po méjì, iṣan ẹran ara á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, á máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí di bí ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ wo ohun tíyẹn túmọ̀ sí lórí sìkéèlì: ọ̀rá ń wọlé, iṣan ń jáde, nọ́ńbà orí sìkéèlì lè máà fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan. Obìnrin kan lè wọn kílò 74 ní ọdún 45, kó tún wọn kílò 74 ní ọdún 49, kí ara méjèèjì má jọra wọn rárá. Téèpù télọ̀ ló máa sọ òótọ́ níbẹ̀. Ẹ fi yí ikùn ká láàárín egungun ìhà tó kẹ́yìn àti egungun ìbàdí, lórí awọ ara o, kì í ṣe lórí aṣọ, ẹ mí síta, ẹ má fa ikùn wọlé. Tó bá ti kọjá sẹ̀ǹtímítà 80, ìyẹn ínṣì mọ́kànlélọ́gbọ̀n ààbọ̀, ewu ti ń bẹ̀rẹ̀ fún obìnrin, tó bá kọjá 88, ewu náà ti pọ̀ gan-an.

Iṣan tó ń dín kù yẹn, wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ bíi pé òun ló ń jẹ gbogbo oúnjẹ téèyàn ń jẹ, àsọdùn nìyẹn. Kílò iṣan kan tó kàn wà níbẹ̀ lásán, nǹkan bíi kálórì 13 ló ń ná lójúmọ́. Ibi tó ti wúlò jù ni ọ̀rọ̀ súgà. Iṣan ni àká tí èyí tó pọ̀ jù nínú súgà inú ẹ̀jẹ̀ ń wọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Tí àká bá kéré, tí wọn ò sì ṣí i torí pé èèyàn jókòó sí ṣọ́ọ̀bù látàárọ̀ dalẹ́, insulin, ìyẹn hòmónù tó ń kó súgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, á máa pọ̀ sí i kó lè ti súgà yẹn wọlé tipátipá, insulin tó bá sì pọ̀ lẹ́jẹ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀rá jáde níbi tó wà.

Oorun náà wà níbẹ̀. Ooru tó ń mú obìnrin lójijì lóru, táá bọ́ aṣọ kúrò lára, tí otútù á tún mú un láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ó máa ń já oorun sí wẹ́wẹ́. Ẹni tí kò sun oorun tó, hòmónù tó ń pe ebi á ròkè lára ẹ̀, èyí tó ń sọ pé mo ti yó á lọ sílẹ̀, lọ́jọ́ kejì nǹkan dídùn àti nǹkan dídín ló máa ń wù ú jù. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń pè ní àìlèkóra-ẹni-níjàánu, àìsùn ni.

Ẹ wá wo bí ohun tó ń lé lójúmọ́ lórí ohun tí ara ń ná ṣe kéré tó. Ìwọ̀n tí obìnrin ń fi kún ara láàárín àádọ́ta sí ọgọ́ta ọdún, tí a bá pín in dọ́gba, jẹ́ nǹkan bí 0.7 kílò lọ́dún. Kílò ọ̀rá kan jẹ́ bíi kálórì 7,700, torí náà tẹ́ ẹ bá pín in sórí ọjọ́ 365, kálórì bíi 15 péré ló ń ṣẹ́ kù lójúmọ́. Kò tó ìdajì ṣíbí tíì òróró. Kò sẹ́ni tó lè rí ìyẹn nínú abọ́, àmọ́ lọ́dún mẹ́wàá ó ti di kílò méje, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ sì lè wà níkùn.

Ibi tí ìṣirò yẹn ti ń wọlé nínú ilé ìdáná wa, ọbẹ̀ ni, àwọn èèyàn sì máa ń rò pé òkèlè ni. Wọ́n á fi ẹ̀bà sílẹ̀, wọ́n á lọ máa jẹ wíìtì, torí wọ́n ní òun kì í múni sanra. Gírámù 100 gàrí gbígbẹ ní kálórì bíi 350, gírámù 100 ìyẹ̀fun wíìtì náà ní bíi 340, ẹlúbọ́ náà ò jìnnà síbẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni bí òkèlè ṣe tóbi tó. Bí wíìtì bá tóbi tó orí ọmọdé, wíìtì náà máa múni sanra. Wá wo ọbẹ̀ báyìí: kí wọ́n da ife òróró kan tó gba 250ml sínú ìkòkò ata díndín, kálórì bíi 2,000 ló wọ inú ìkòkò yẹn, òróró inú ẹ̀ nìkan là ń sọ, a ò tíì ka ẹran. Òróró ni o, epo pupa ni o, olive oil tó wọ́n bí ojú ni o, iye kálórì inú wọn ò yàtọ̀, ṣíbí ìjẹun kan jẹ́ 120. Ẹ̀gúsí fúnra ẹ̀, nǹkan bí ìdajì ẹ̀ ló jẹ́ òróró, kí wọ́n tó tún wá fi epo dín in. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má jẹ ẹ̀gúsí. Tí wọ́n bá ń fi ṣíbí wọn òróró dípò kí wọ́n dojú ike kọ ìkòkò, ìyàtọ̀ tó máa wá látibẹ̀ ju ti yíyí òkèlè padà lọ.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ yìí ní ẹ̀rí tó ti ilẹ̀ Yorùbá wá. Lọ́dún 2009, àwọn olùwádìí gbé èsì jáde lórí àwọn obìnrin agbègbè Igbó-Ọrà àti àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Maywood lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chicago. Àwọn ti Amẹ́ríkà tóbi ju àwọn tiwa lọ dáadáa, gbogbo èèyàn ló sì ti gbà pé iṣẹ́ oko àti ìrìn ẹsẹ̀ ló jẹ́ kí tiwa pẹ́lẹ́ńgẹ́. Nígbà tí wọ́n wọn ọ́n, tí wọ́n ro bí ara kálukú ṣe tóbi mọ́ ọn, agbára tí wọ́n ń ná lórí iṣẹ́ ò yàtọ̀ síra tó ohun téèyàn lè tọ́ka sí. Èyí tó ń ná agbára púpọ̀ àti èyí tó ń ná díẹ̀, ìyẹn ò sì sọ ẹni tó máa sanra láwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Ìrìn ìdajì wákàtí fún ẹni kílò 80, nǹkan bíi kálórì 140 ni, ṣíbí òróró kan ló pa rẹ́ yẹn. Ẹni tó bá fi eré ìdárayá nìkan lé ikùn, yóò rẹ̀ ẹ́ kí ikùn tó lọ.

Àmọ́ kí wọ́n má tìtorí ẹ̀ jókòó o, torí iṣan la ń wá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú rìn kánmọ́kánmọ́ lọ́sẹ̀, kó tún fi ọjọ́ méjì ṣe ohun tó ń mú iṣan lágbára, ọjọ́ méjì yẹn sì ni àwọn ìyá wa máa ń fò. Kò gba owó jímù. Kí wọ́n jókòó sórí àga onígi, kí wọ́n dìde láìfọwọ́ ti nǹkan kan, kí wọ́n tún jókòó pẹ̀lẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹwàá, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n tún ṣe é. Kí wọ́n fọwọ́ ti ògiri bíi pé wọ́n fẹ́ tì í wó. Kí wọ́n gbé ike omi lọ́wọ́ ọ̀tún àti òsì, kí wọ́n rìn. Tó bá ti ń rọrùn, kí wọ́n fi kún un. Kí wọ́n sì máa jẹ ohun tó ń kọ́ iṣan, níbí lọ̀rọ̀ ti ń dunni, torí nílé tó pọ̀, ìyá ló ń pín ẹran, ìyá náà ló sì ń jẹ òkèlè pẹ̀lú ọbẹ̀ tí ẹran ẹ̀ ti tán. Lọ́jọ́ orí yìí, ara nílò púrótíìnì tó gírámù kan sí kan lé díẹ̀ fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, ìyẹn bíi 70 sí 84 fún ẹni kílò 70, àfi ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ ò dáa tí dókítà bá ti sọ tirẹ̀ fún. Ẹyin kan ní bíi mẹ́fà. Gírámù 100 ẹja Títù ní bíi 19. Ẹ̀wà tó wọn gírámù 100 kó tó di síse ní bíi 22, mọ́ínmọ́ín tí wọn ò rọ òróró sí púpọ̀ wúlò gan-an.

Ẹni tó bá wá fi ebi pa ara ẹ̀, tó ń mu omi àti ọsàn nìkan, sìkéèlì máa wálẹ̀ kíá, àmọ́ omi ló kọ́kọ́ lọ, iṣan sì bá ọ̀rá lọ. Ara á ka ebi yẹn sí ìyàn, á dín ohun tó ń ná kù, á pe ebi sí i, tí wọ́n bá sì ti padà sí oúnjẹ, ọ̀rá ló ń yára padà, iṣan tó lọ kì í padà bẹ́ẹ̀. Tíì tí wọ́n ń tà pé ó ń fọ ikùn, ewé senna ló wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀, ẹbí àsùnwọ̀n tá a mọ̀ nílé ni, ìgbẹ́ ló ń mú yà, kò débi ọ̀rá rárá, ẹni tó bá sì ń mu ún lójoojúmọ́ lè pàdánù potassium tí ọkàn fi ń lù déédéé. Àwọn oògùn ìjò kan wà tí wọ́n ti bá sibutramine, ìyẹn kẹ́míkà tó ń pa ebi, nínú wọn láìkọ ọ́ sára páálí, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti gba sibutramine kúrò lọ́jà Yúróòpù àti Amẹ́ríkà látọdún 2010 torí pé ó ń fa àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀.

Abẹ́rẹ́ semaglutide, tọ́pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Ozempic, ṣiṣẹ́ lóòótọ́, nínú ìdánwò tí èsì ẹ̀ jáde ní 2021, àwọn tó gbà á fi bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ara wọn sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 68. Nígbà tí wọ́n dá a dúró, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tó lọ ti padà láàárín ọdún kan. Oògùn dókítà ni, owó ẹ̀ ò sì kéré, ẹni tó bá ń lò ó náà ní láti jẹ púrótíìnì kó sì lo iṣan, torí iṣan ń bá ọ̀rá lọ níbẹ̀ náà.

Gbogbo èyí, ti ikùn tó jẹ́ ọ̀rá ni o. Ikùn míì wà tí kì í ṣe ọ̀rá. Fáíbírọ́ìdì, ìyẹn kókó tó ń hù nínú ilé ọmọ, wọ́pọ̀ lára obìnrin aláwọ̀ dúdú, ó sì lè mú ikùn yọ bíi ti aláboyún, àmọ́ tí nǹkan oṣù bá ti lọ, ó máa ń súnkì ni, torí náà èyí tó bá tún ń dàgbà lẹ́yìn ìgbà yẹn, kí wọ́n tètè lọ ya àwòrán ẹ̀. Tí ikùn bá ń wú, tó le, tí apá àti ojú ń rù, tí oúnjẹ díẹ̀ ti ń yóni, tí ìtọ̀ ń gbọ̀n èèyàn ṣáá, ó lè jẹ́ omi ló ń gbára jọ síbẹ̀, ó lè jẹ́ ilé ẹyin ló ní àrùn, àyẹ̀wò ni kí wọ́n bá lọ kíákíá, kì í ṣe jímù. Obìnrin tí otútù ń mú nígbà tí ooru ń mú gbogbo èèyàn, tó ń rẹ̀ ẹ́ ṣáá, tí ìgbẹ́ ẹ̀ ń le, tó sì ń sanra, kí ó ní kí wọ́n yẹ táírọ́ìdì òun wò, ìyẹn ẹṣẹ́ inú ọrùn tó ń darí bí ara ṣe ń lo agbára, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n máa fà, TSH ni orúkọ àyẹ̀wò náà, tó bá sì jẹ́ òun ni, oògùn ẹ̀ wà, wọ́n ń lò ó lójoojúmọ́ láàárọ̀ kí wọ́n tó jẹun.