Ìtàn rọ́bà kékeré tí ń mú ìtọ̀ dúró

Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ próstéètì fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹ̀yìn pátápátá ló ń jókòó sí ní mọ́ṣáláṣí wọn ní Òjé, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Aṣọ àlòkù mẹ́ta ló máa ń ká sínú ṣòkòtò lábẹ́ agbádá. Tó bá wúkọ́, ìtọ̀ á já. Tó bá dìde, ìtọ̀ á já. Nígbà tó yá, kò lọ mọ́, nítorí kò mọ bí àlùwàlá òun ṣe máa dúró. Odidi ọdún méjì ló fi ń sọ fún wa pé orúnkún ló ń dun òun. Ọjọ́ tí mo tẹ̀lé e lọ sí ọsibítù ni mo tó mọ̀ pé wọ́n ti wá nǹkan ṣe sí irú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́tipẹ́, tí wọ́n ń fi rọ́bà kan sínú ara ènìyàn. Ìtàn rọ́bà náà ni mo fẹ́ sọ.

Iṣan kan wà lẹ́nu àpò ìtọ̀ tó rí bí òrùka. Òun ló ń fún ọ̀nà ìtọ̀ pa títí a ó fi ráyè tọ̀. Iṣẹ́ abẹ próstéètì lè bà á jẹ́, ìbímọ lè bà á jẹ́, ẹni tó fi ọ̀pá ẹ̀yìn pa náà lè pàdánù agbára rẹ̀. Láyé àtijọ́, láti ìta ni wọ́n ti ń fi irin tàbí rọ́bà há nǹkan ọmọkùnrin, bí ẹni di ẹnu àpò gaàrí. Ẹran ara kì í ṣe àpò gaàrí. Bí a bá fún un pa tọ̀sán-tòru, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ibẹ̀, ibẹ̀ á sì kú.

Ẹni tó kọ́kọ́ gbé ọgbọ́n mìíràn wá ni Frederic Foley, oníṣẹ́ abẹ ní ìlú St. Paul, ní ìpínlẹ̀ Minnesota, l'Amẹ́ríkà. Ẹnikẹ́ni tó bá ti tọ́jú aláìsàn rí n'Ìbàdàn ti gbọ́ orúkọ yẹn: rọ́bà ìtọ̀ tó ní bàlúù kékeré lórí, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní Foley, òun ló ni ín. Ní 1947 ó kọ̀wé nípa rọ́bà tí ń wú, tí wọ́n á wé mọ́ ọ̀nà ìtọ̀ ọkùnrin, tí aláìsàn á sì máa gbé ohun tó ń fẹ́ ẹ kiri nínú àpò ṣòkòtò. Kò tàn kálẹ̀, kò sì yà mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n mo gbóríyìn fún èrò inú rẹ̀: ẹni tó ni ara ló ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀.

Ó di 1972 kí gbogbo rẹ̀ tó wọ inú ara pátá. Ẹni mẹ́ta ló pawọ́ pọ̀ ṣe é: Brantley Scott, dókítà ìtọ̀ ní Houston, William Bradley, dókítà iṣan ọpọlọ ní Minnesota, àti Gerald Timm tó jẹ́ ẹnjiníà. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ American Medical Systems sílẹ̀ láti máa ṣe é. Rọ́bà sílíkóònù ni, omi ló wà nínú rẹ̀. Nǹkan méjì ni aláìsàn ń tẹ̀ lábẹ́ awọ: ọ̀kan láti tì í, ọ̀kan láti ṣí i.

Ibi tó ti le ni ìwọ̀n agbára omi. Bó bá pọ̀ jù, yóò pa ẹran ara. Bó bá kéré jù, ìtọ̀ á máa ro. Ohun tí wọ́n fi yanjú èyí ló wú mi lórí jù. Wọ́n fi bàlúù kan sínú ikùn, tí agbára rẹ̀ kì í yí padà, láàárín 61 sí 70 sẹ̀ǹtímítà omi. Ẹ gbé korobá omi sórí tábìlì, kí ẹ so rọ́bà mọ́ ọn dé ilẹ̀: bí omi ṣe ń tì yín lọ́wọ́ nísàlẹ̀ ibẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó dé ní 1983, AMS 800, ni wọ́n ṣì ń lò káàkiri ayé. Ẹ̀yà mẹ́ta péré ló ní: òrùka tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká, bàlúù inú ikùn, àti ohun títẹ̀ tí wọ́n ń fi sínú àpò kórópọ̀n ọkùnrin tàbí ètè ojú ara obìnrin.

Dókítà gbé àpẹẹrẹ kan lé bàbá lọ́wọ́. Kò tóbi, ó múlọ́, ó sì ń yọ̀ bí ẹyin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Bàbá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, òrùka náà sì rọ lójú wa: omi ti sá lọ sínú bàlúù. A dúró. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, òrùka náà kún padà fúnra rẹ̀, láìsí bátìrì, láìsí iná. Bàbá ní, “Àbí ẹ ò rí i! Kò mà le rárá.”

Àwọn obìnrin ní tiwọn. Ní 1996, Ulf Ulmsten ní Uppsala, lórílẹ̀-èdè Sweden, gbé téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde tí ń gbé ọ̀nà ìtọ̀ ró, lórí èrò tí òun àti Peter Petros ará Ọsirélíà ti jọ gbé kalẹ̀. Ó ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, ó sì ṣe àwọn mìíràn léṣe débi pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá a dúró ná ní 2018. Èyí tó ń fi iná bátìrì ta iṣan ìdí jí, San Francisco ni Emil Tanagho àti Richard Schmidt ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1997. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ìrọbí pípẹ́ lu ihò sí àpò ìtọ̀ rẹ̀, rírán ni wọ́n ń rán tiẹ̀. UCH, tí wọ́n ṣí ní 1957, ti ń rán an tipẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta rọ́bà fún un.

Ẹni tó bá sì ní AMS 800 lára, kí ará ilé rẹ̀ mọ̀. Bí wọ́n bá gbé e dé ọsibítù, kí wọ́n tètè sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì, nítorí ó ní bọ́tìnnì kan tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi dá a dúró ní ṣíṣí kí Foley tó wọlé. Láìṣe bẹ́ẹ̀, Foley lè dá egbò sí ọ̀nà ìtọ̀, kí òrùka náà sì jẹ ẹran wọlé.

Owó rẹ̀ ga ju agbára wa lọ. Álífà wọn ló sọ fún bàbá pé kó di aṣọ rẹ̀ dáadáa, kó máa ṣe àlùwàlá tuntun ní àsìkò ìrun kọ̀ọ̀kan, pé ìrun rẹ̀ dúró bó tilẹ̀ ń já. Sáfù kejì ni mo ti rí i ní Jímọ̀ tó kọjá.