Bí Kóòṣì Ṣe Ń Di Alábòójútó fún Àwọn Kóòṣì Ẹgbẹ́ Rẹ̀

Kóòṣì tó ń bá ọ̀gá báńkì kan ní Marina tàbí olùdásílẹ̀ ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní Yábàá ṣiṣẹ́ kì í kọ́ni ní bọ́ọ̀lù. Ìbéèrè àti etí ìgbọ́ ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹni náà kò lè sọ níwájú ìgbìmọ̀ olùdarí, tó lè máà tíì sọ fún ọkọ tàbí aya rẹ̀ pàápàá. Alábòójútó ni kóòṣì ń gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lọ bá. Iṣẹ́ náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Pípẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kóòṣì nìkan kò tó.

Kóòṣì tó dáńtọ́ ni ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́. Lọ́dọ̀ International Coaching Federation, ICF, ẹgbẹ́ àwọn kóòṣì àgbáyé tó ní ẹ̀ka ní Nàìjíríà, ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́, ACC, ń béèrè wákàtí 60 ẹ̀kọ́ àti wákàtí 100 iṣẹ́. PCC tó tẹ̀ lé e ń béèrè 125 àti 500. Kóòṣì náà fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti jókòó síwájú alábòójútó. EMCC, ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù, dámọ̀ràn wákàtí 1 àbójútó fún wákàtí 35 iṣẹ́, kó má sì dín sí wákàtí kan láàárín oṣù mẹ́ta. Ìgbésẹ̀ tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fò nìyí, torí ẹni tí wọn kò bójú tó rí kò lè mọ bí ó ṣe ń rí lára.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀kọ́ yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa. Oxford Brookes University ń kọ́ ọ, Coaching Supervision Academy náà ń kọ́ ọ. Ẹni tó bá ń gbé Èkó lè rí kíláàsì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, aago kò sì ní dí i lọ́wọ́: bákan náà ni aago Èkó àti ti London nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, wákàtí kan ló fi yàtọ̀ nígbà òtútù. Owó ló ń dunni, nítorí pọ́n-ùn ni wọ́n ń gbà. Kí ènìyàn tó san án, kó wò bóyá ẹ̀kọ́ náà ní ESQA, òǹtẹ̀ tí EMCC ń fún ẹ̀kọ́ alábòójútó. ESIA ni ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Association for Coaching, ẹgbẹ́ kóòṣì mìíràn, náà ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀.

Nínú kíláàsì, ìlànà ojú méje tí Peter Hawkins, onímọ̀ nípa àbójútó ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé kalẹ̀ ní 1985 kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Alábòójútó ń wo oníbàárà, ohun tí kóòṣì ṣe, àjọṣe àwọn méjèèjì, kóòṣì fúnra rẹ̀, àjọṣe kóòṣì pẹ̀lú alábòójútó, ọkàn alábòójútó, àti àyíká tí gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Èyí karùn-ún ló le jù. Ká ní ọ̀gá kan ń sá fún ọ̀rọ̀ owó tó pòórá ní ẹ̀ka rẹ̀. Kóòṣì náà yóò máa sá fún un láìmọ̀, bó bá sì dé iwájú alábòójútó, ìtàn mìíràn ni yóò máa sọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún ti wọ yàrá kejì. Harold Searles, oníṣègùn ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé nípa irú èyí láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1955. Alábòójútó tí wọ́n kọ́ dáadáa yóò dá ọ̀rọ̀ dúró, yóò béèrè pé: “Kí là ń yẹra fún báyìí?”

Ní Èkó, ọ̀rọ̀ àgbà tún wọ̀ ọ́. Kóòṣì tó kéré lọ́jọ́ orí á ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà, bí ẹ ṣe wí ni màá ṣe.” Bí alábòójútó bá gba ipò ìyá tàbí ọ̀gá yẹn, àbójútó ti parí nìyẹn, àṣẹ ló kù. Láti ìpàdé àkọ́kọ́ ni kí wọ́n ti fẹnu kò pé kóòṣì lè sọ pé rárá. Àwọn èèyàn Victoria Island sì mọra wọn. Kéèyàn kàn sọ pé “obìnrin ọ̀gá àgbà kan nílé iṣẹ́ epo,” orúkọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde. Bí alábòójútó bá mọ oníbàárà náà, kó sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kó sì darí kóòṣì sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Akẹ́kọ̀ọ́ yóò wá máa bójú tó àwọn kóòṣì gidi, yóò máa kọ ohun tó rí nínú ara rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì máa gbé iṣẹ́ náà lọ sọ́dọ̀ alábòójútó tirẹ̀. Èyí kì í dópin nígbà tí ìwé ẹ̀rí bá dé.