Ooru Orí Prósẹ́sọ̀: Ẹ Wo Bó Ṣe Ń Gòkè Kí Ẹ Tó Ra Ohunkóhun

Bí ọyẹ́ bá ti ń kógbá lọ ní Àkúrẹ́, tí oòrùn oṣù kejì sì gbapò rẹ̀, ẹjọ́ kan náà ló máa ń kún iwájú àwa tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. "Ẹ̀gbọ́n, ó kàn ń kú fúnra rẹ̀ ni." "Fáànù rẹ̀ ń pariwo láti àárọ̀." "Ó ń falẹ̀, bẹ́ẹ̀ Word nìkan ni mo ṣí." Púpọ̀ nínú wọn ló ti náwó kí wọ́n tó dé. Ẹlòmíì ti ra fáànù tuntun, ẹlòmíì ti ra pátákó onífáànù tí wọ́n ń gbé láptọ́ọ̀pù lé, àwọn kan tilẹ̀ ti ní kí wọ́n bá àwọn fi Windows tuntun sí i. Ooru ò kúrò níbẹ̀. Ohun tó ń mú prósẹ́sọ̀ gbóná kì í ṣe ẹyọ kan, oògùn tó wo ọ̀kan kì í sì í wo èkejì. Bí ooru náà ṣe ń gòkè ni ẹ ó kọ́kọ́ wò, torí òun ló máa ń tú àṣírí ara rẹ̀.

Prósẹ́sọ̀ ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ègé pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ irin àti fáànù nínú àpótí. Iná tó bá jẹ ló ń dà padà bí ooru. Bí kò bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́, 35 sí 50 dígírì ni ẹ ó máa rí. Lẹ́nu iṣẹ́ líle, 70 sí 85 kò tó ohun tí èèyàn ń pe ìpàdé lé lórí. Ọ̀pọ̀ prósẹ́sọ̀ Intel ti orí tábìlì, 100 ni ààlà wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú Ryzen 7000 ti AMD, 95 ni. Tó bá ti kan ààlà yìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í rọra ṣe bí alágbàro tí oòrùn ọ̀sán bá lóko. Bí ooru bá ṣì ń lé sí i, á pa kọ̀ǹpútà kó má baà jóná. Ìdí nìyẹn tí "ó ń falẹ̀" àti "ó ń kú" fi sábà máa ń jẹ́ àrùn kan náà, tí ọ̀kan kàn ti pẹ́ lára ju èkejì lọ.

Ẹ sì má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nọ́ńbà orí íntánẹ́ẹ̀tì kó ìpayà bá yín. Fáànù kò lè mú prósẹ́sọ̀ tutù ju afẹ́fẹ́ yàrá lọ. Bí yàrá yín bá wà ní 33 dígírì, kò sí fáànù tí yóò mú un dé 30. Ẹni tó ń fi 28 yangàn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú òtútù ló jókòó sí.

Láti rí ìwọ̀n ooru náà, Task Manager inú Windows kò ní sọ ti prósẹ́sọ̀ fún yín. Ẹ lo HWMonitor tàbí Core Temp. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, àmọ́ ojúlé àwọn tó ṣe wọ́n gan-an ni kí ẹ ti gbà wọ́n. Iṣẹ́ tí Task Manager máa ṣe yàtọ̀: ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, kí ẹ wo iye iṣẹ́ tí prósẹ́sọ̀ ń ṣe. Tí ẹ ò bá ṣí nǹkan kan, tó sì ń lọ sí 80 tàbí 100 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ fi fáànù sílẹ̀ ná. Ó lè jẹ́ Windows ló ń gba àtúnṣe lábẹ́lẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ètò tí wọ́n ti crack, tí ẹnì kan gbé wọlé lórí flash, ló ń fi kọ̀ǹpútà yín wa kírípítò, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, fún olè.

Tí ibẹ̀ bá mọ́, ẹ wá dán an wò. Ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ fún un ní iṣẹ́ líle. Nínú CPU-Z, tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ lọ sí Bench, kí ẹ tẹ Stress CPU, kí ẹ tẹjú mọ́ ìwọ̀n ooru.

Bó bá fò láti 45 sí 95 láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, eruku kọ́ ló fà á. Ó sábà máa ń jẹ́ pé ooru kò rí ọ̀nà kọjá láti ara prósẹ́sọ̀ sínú irin tó wà lórí rẹ̀. Thermal paste, ìpara tó ń bá ooru kọjá láàárín wọn, ti gbẹ, tàbí kí irin náà má jókòó dáadáa. Fáànù tó máa ń bá àwọn prósẹ́sọ̀ Intel wá nínú páálí ní ẹsẹ̀ oníke mẹ́rin; bí ọ̀kan bá yọ, irin náà á gbé apá kan sókè. Ẹni tó gbé kọ̀ǹpútà sẹ́yìn ọ̀kadà gba ojú ọ̀nà olókùúta kọjá, ibẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wò. Mo sì ti rí irin tuntun tí ọ̀rá tó bò ó láti ilé iṣẹ́ ṣì wà lábẹ́ rẹ̀.

Bó bá rọra ń gùn, tó gba bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó dé 90, ooru ń kúrò lára prósẹ́sọ̀, ibi tí yóò gbà jáde nínú àpótí ni kò rí. Ẹ ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ kọ fáànù onídùúró sí i. Tó bá wálẹ̀ ní dígírì mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ti mọ̀ ọ́n: eruku ti dí ojú afẹ́fẹ́, tàbí ẹ ti fi ẹ̀yìn rẹ̀ há mọ́ ògiri. Ẹ má wá sọ ìdérí ṣíṣí di àṣà o. Eruku á kàn tètè kún un ni.

Èyí tó gbóná láti ìgbà tí ẹ tàn án, ẹ wò ó bóyá fáànù ń yí rárá. Wáyà tó há mọ́ apá fáànù kì í ṣe tuntun lójú wa.

Eruku gbígbọ̀n ni ọ̀pọ̀ ń kánjú ṣe. Ẹ yọ wáyà kọ̀ǹpútà lára iná ògiri. Ilé tó ní inverter, pé NEPA mú iná lọ kò ní kí iná má sí. Ẹ gbé e síta, kí ẹ fi ìka di apá fáànù mú kí ẹ tó fẹ́ atẹ́gùn sí i, torí tó bá ń sáré àsápajúdé, ìdí rẹ̀ lè bàjẹ́. Eruku tó burú jù kò sí lókè tí ẹ ń nù un. Àárín fáànù àti irin ló ń ki sí, ẹ ní láti tú fáànù kí ẹ tó rí i. Kọ̀ǹpútà tó bá sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń dín àkàrà tún le jù: èéfín epo á mú eruku lẹ̀ pinpin, búrọ́ọ̀ṣì nìkan kò ní ká a.

Ní ti thermal paste, ẹ fi isopropyl alcohol nu ti àtijọ́ kúrò. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe máa ń ní in. Ìwọ̀n ẹ̀wà kékeré kan láàárín prósẹ́sọ̀ ti tó. Àwọn kan á máa kùn ún bí òrí, wọ́n rò pé bó bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe tutù tó. Kò rí bẹ́ẹ̀: irin ń gbé ooru jù ú lọ fíìfíì, àlàfo wẹ́wẹ́ tí ojú kò rí nìkan ló wà fún. Ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín rọ́pò rẹ̀; kò ní pẹ́ gbẹ. Àwọn tó ń lo AMD tó jókòó sí sọ́kẹ́ẹ̀tì AM4 ní láti ṣọ́ra gidi: ẹ tàn án kó gbóná díẹ̀, kí ẹ pa á, kí ẹ yọ ọ́ lára iná, kí ẹ wá rọra yí irin náà sọ́tùn-ún sósì kí ẹ tó gbé e. Ẹni tó bá fà á lójijì, prósẹ́sọ̀ lè bá a jáde, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tẹ̀.

Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUTA ń gbé wá, orí bẹ́ẹ̀dì ni ìdajì ìṣòro wọn wà. Abẹ́ ló ti ń mí, tìmùtìmù sì ti dí i. Ẹ fi ìdérí ìgò méjì gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè; ní tèmi, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí pátákó onífáànù olówó gọbọi. Tí ẹ̀rù bá ń bà yín láti tú u, ẹ wọ Power Options inú Windows, kí ẹ fi Maximum processor state sí 99. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, á dẹ́kun sísáré àsápọ̀jù, ooru á sì wálẹ̀ dáadáa. Ìyára á dín kù, kì í sì í ṣe ìwòsàn, àmọ́ á tó yín parí project.

Bó bá sì di dandan kí ẹ gbé e fún oníṣẹ́, yálà l'Ọ́jà Ọba tàbí lójú ọ̀nà Ọba Adésídà, ẹ sọ bó ṣe ń gòkè fún un, fífò tàbí gígùn, kí ẹ sì ní kó fi nọ́ńbà hàn yín ṣáájú iṣẹ́ àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ lọ ra prósẹ́sọ̀ tuntun láì tíì ṣí ìdérí, ẹ gbé ẹrù yín lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì.