Bí Lámèyítọ́ Ṣe Ń Tún Ìwé Ṣe Lọ́wọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Iṣẹ́ Ọnà

Níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà ìwé, akẹ́kọ̀ọ́ kì í kàn fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí olùkọ́ fún un ní máàkì. Orí tábìlì ni wọ́n ń gbé ìwé náà kà, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á yí i ká, tí olùkọ́ á wà níbẹ̀. Nígbà mìíràn, wọ́n á ránṣẹ́ pe ẹni tó ti pẹ́ nídìí ìwé títẹ̀. Kálukú á sọ ohun tó rí. Ìjókòó lámèyítọ́ nìyẹn, inú rẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ náà wà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ kò rí bákan náà: òmíràn ń tún ìwé ṣe, òmíràn kàn ń dùn mọ́ ẹni tó ń sọ ọ́ ni.

Ìwé gan-an ló gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì, kì í ṣe àwòrán rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Lójú kọ̀ǹpútà, gbogbo nǹkan tẹ́ pẹrẹsẹ, èèyàn sì lè mú lẹ́tà tóbi bó ṣe wù ú. Nínú ìwé A5, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 148, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 210, lẹ́tà kò ríbi sá sí. Ìdí nìyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń tẹ iṣẹ́ náà sórí bébà lásán, tó ń ṣẹ́ ẹ, tó ń fi òwú rán an tàbí tó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, kó tó gbé e wá. Ìwé àfidánwò ni. Kò pọn dandan kó rẹwà. Bó bá rẹwà jù pàápàá, ojú á máa ti àwọn tó jókòó láti ní kí ó tú u ká.

Ẹ jẹ́ ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ń ṣe ìwé àlọ́ Ìjàpá fún àwọn ọmọdé. Kò fẹ́ ìwé tí a ń ṣí ní ojú ìwé méjì-méjì. Bébà gígùn kan ló ṣẹ́ síwá sẹ́yìn bí abẹ̀bẹ̀, abala méjìlá, kí ọmọ lè máa fà á jáde bí àlọ́ ṣe ń lọ. Ó gbé e dé orí tábìlì. Ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ jáde ni “Ó wù mí” tàbí “Àwọ̀ yìí kò dáa.” Méjèèjì kò kọ́ ọ ní nǹkan kan. Èyí tó ń kọ́ni ni kí ẹnì kan sọ pé, “Nígbà tí mo dé abala kẹfà, mi ò mọ ibi tí mo máa kà tẹ̀ lé e.” Ọ̀rọ̀ yẹn ní ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ó sì ní ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí.

Kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè pọ̀, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ń lo ìlànà tí Liz Lerman, oníjó ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní 1990. Àwọn tó wo iṣẹ́ á kọ́kọ́ sọ ohun tó wọ̀ wọ́n lọ́kàn. Lẹ́yìn náà, oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ á bi wọ́n ní ìbéèrè. Àwọn náà á wá bi í léèrè, ṣùgbọ́n ìbéèrè wọn kò gbọ́dọ̀ fi ìdájọ́ pamọ́ sínú: “Kí ló dé tí o fi lo àwọ̀ burúkú yìí?” kì í ṣe ìbéèrè, èébú ni. Ìgbẹ̀yìn ni èrò tiwọn á tó jáde, bí oníṣẹ́ bá ní òun fẹ́ gbọ́ ọ.

Ìpele kejì, tí oníṣẹ́ ti ń béèrè, ló wúlò jù níbi tí a ti tọ́ ọmọdé dàgbà pé kó dákẹ́ bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀. Ó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ tí kò jẹ́ já olùkọ́ rẹ̀ lẹ́nu láyè láti béèrè ohun tó ń ká a lára. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n béèrè. “Ṣé ó dáa, sà?” kò ní mú nǹkan bọ̀ ju “Ó dáa” lọ. “Kí ni ẹ kọ́kọ́ rò pé ẹ máa fà?” á mú èsì gidi wá. Èyí tó tún dára ju ìbéèrè lọ ni kó gbé ìwé náà lé ọmọ ọdún méje lọ́wọ́, kó sì pa ẹnu mọ́. Bí ọmọ náà bá ṣí i láti ìparí, tí Ìjàpá ti jẹ̀bi kó tó jí nǹkan, a jẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ìwé náà jọra jù.

Ìwé Yorùbá tún ní wàhálà tirẹ̀ tí ẹni tó bá ń fi ojú nìkan wò ó kò lè rí. Ó máa ní fọ́ǹtì náà, ìyẹn ìrísí lẹ́tà tí wọ́n lò, rẹwà. Ẹni tó bá kà á sókè ló máa kọsẹ̀. Nínú Unicode, ètò tó ń fún àwọn lẹ́tà ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, “ẹ” ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n “ẹ́” kò ní. “Ẹ” ni kọ̀ǹpútà ń kọ́kọ́ kọ, kó tó wá gbé àmì ohùn lé e lórí. Fọ́ǹtì tí ẹni tó ṣe é kò tọ́ka ibi tí àmì náà máa jókòó sí á sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kó fi kọ lu lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Fọ́ǹtì Gentium àti Charis, tí àjọ SIL ṣe, kì í dá irú àṣà bẹ́ẹ̀. Àyè àárín ìlà náà ń kó bá ni: InDesign, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń to ojú ìwé, fúnra rẹ̀ ń fún lẹ́tà oníwọ̀n póìǹtì 10 ní àyè póìǹtì 12. Gẹ̀ẹ́sì lè gba èyí. Ní ti Yorùbá, àmì ìsàlẹ̀ ìlà òkè ń sún mọ́ àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀ jù. Fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàwé, 15 kò pọ̀ jù rárá.

Lámèyítọ́ tó le jù, tó sì ṣe tààrà jù, ni ti atẹ̀wé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbé ìwé abẹ̀bẹ̀ yẹn lọ sí Ṣómólú, àdúgbò àwọn atẹ̀wé ní Èkó, kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa ẹwà. Abala méjìlá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 148 jẹ́ 1776, bébà tó gùn tó bẹ́ẹ̀ kò sì wọ ẹ̀rọ. A ní láti tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀nà mẹ́ta, kí a sì lẹ̀ wọ́n pọ̀. Gígùn bébà A2 tó máa wọ ẹ̀rọ jẹ́ mìlímítà 594, abala mẹ́rin tó wà ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 592. Mìlímítà méjì ló ṣẹ́ kù, gọ́ọ̀mù kò sì rí ibi mú. Bí abala bá wálẹ̀ sí 144, mìlímítà 18 á ṣẹ́ kù fún ibi lílẹ̀ àti gígé. Mìlímítà mẹ́rin péré yìí á mú kí akẹ́kọ̀ọ́ tún gbogbo àwòrán tò. Atẹ̀wé á tún bi í pé ibo ni okùn tín-ín-tín tó para pọ̀ di bébà kọjú sí, nítorí bí ìlà ìṣẹ́po bá dábùú rẹ̀, bébà tó nípọn á là, yíǹkì á sì máa ṣí níbẹ̀.

Tí ìjókòó bá tú, iṣẹ́ wá kù sọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ ló yẹ kó ti kọ sílẹ̀ láìbá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ á jẹ́ oògùn tí kò dárúkọ àrùn: “Mú lẹ́tà tóbi” lè jẹ́ pé ìlà ló gùn jù, tàbí pé yíǹkì kò hàn dáadáa lórí bébà àfidánwò. Ó ní láti wá àrùn náà fúnra rẹ̀. Ìmọ̀ràn àgbà pàápàá lè má bá ìwé mu. William Morris, ará Gẹ̀ẹ́sì tó dá ilé ìtẹ̀wé Kelmscott Press sílẹ̀ ní 1891, kọ́ni pé nínú àlàfo tó yí ọ̀rọ̀ ká lójú ìwé, ti inú ló yẹ kó kéré jù, kí ti òkè tóbi jù ú lọ, kí ti ìta tún tóbi sí i, kí ti ìsàlẹ̀ sì tóbi ju gbogbo wọn lọ. Ìwé tí wọ́n fi òwú rán, tó ń ṣí tẹ́, ló ń sọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi òfin yìí ṣe ìwé olójú ìwé 200 tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ á wọ inú kòtò àárín ìwé, òǹkàwé á sì máa fi àtàǹpàkò yà á.

Ohun kan ṣoṣo ló yẹ kó yí padà nínú ìwé àfidánwò kọ̀ọ̀kan, kí ó lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Ojú tuntun ló sì yẹ kó wò ó ní ìjókòó kejì. Ọmọ tó ti mọ ibi tí Ìjàpá ti bẹ̀rẹ̀ kò lè ṣi ìwé náà ṣí mọ́.