Ẹ má jẹ́ kí páálí purojẹ́kítọ̀ tàn yín jẹ: òkùnkùn ló ń ṣe sinimá ẹ̀yìnkùlé

Kò sí oṣù kan tí ẹnìkan ò ní fi àwòrán páálí purojẹ́kítọ̀, ẹ̀rọ tó ń tan fíìmù sára ògiri tàbí aṣọ, ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Èyí tó dé gbẹ̀yìn, àǹtí kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni. Wọ́n ní, "Bọ̀dá, ẹ bá mi wò ó, lumens 12,000 ni wọ́n kọ sí i lára, ọjọ́ìbí ọmọ mi ni, ẹ̀yìnkùlé la ti fẹ́ ṣe é, a fẹ́ gbé fíìmù fáwọn ọmọ wò láago mẹ́rin." Lumens yẹn ni wọ́n fi ń ka bí ìmọ́lẹ̀ tí ẹ̀rọ ń tan jáde ṣe pọ̀ tó. Mo ní Àǹtí, aago mẹ́rin kẹ̀, kò sí nǹkan tí wọ́n máa rí o. Wọ́n ní ṣé kò lágbára tó ni, àbí kí àwọn fowó kún un kí àwọn ra èyí tó ju ìyẹn lọ.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé purojẹ́kítọ̀ dà bíi jẹ́nẹ́rétọ̀, tó bá ṣáà ti tóbi tó, kò sí ẹrù tí ò lè gbé, oòrùn ò lè dí i lọ́wọ́, pé alẹ́ tí wọ́n máa ń ṣe sinimá ẹ̀yìnkùlé yẹn, fáàjì lásán ni. Irọ́ ni o. Mo mọ̀ torí pé èmi náà gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀, ojú sì tì mí níwájú gbogbo àdúgbò.

Ọdún 2018 ni, oṣù kẹfà, ìgbà tí Wọ́ọ̀dù Kọ́ọ̀pù wà ní Rọ́ṣíà, Ìbàdàn là ń gbé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra purojẹ́kítọ̀ kékeré kan, kò tóbi ju páálí bàtà lọ, wọ́n kọ lumens 3,800 gàdàgbà sí páálí ẹ̀ lára. Sátidé tí Nàìjíríà kọ́kọ́ gbá, June 16, àwa àti Croatia, aago mẹ́jọ alẹ́ ni. Mo ta bẹdiṣíìtì funfun ìyá mi sórí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, mo fi píìnì há a, mo tan kiní yẹn, ariwo ta. Ẹ lè ka nọ́ńbà ẹ̀yìn jésì. Wọ́n na wa ní méjì sí òdo, ọ̀kan tiẹ̀ gba ara Etebo wa wọlé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bínú sí purojẹ́kítọ̀. Bí mo ṣe di gbajúmọ̀ nìyẹn, mo ní kí gbogbo èèyàn padà wá lọ́jọ́ Fraidé.

Fraidé, June 22, àwa àti Iceland, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ gbọ́ ìyà. Àga tó ọgbọ̀n, ẹ̀pà, pure water, bàbá onílé fúnra wọn jókòó níwájú tàwọn ti fìlà. Mo tan kiní náà, kò sí nǹkan kan. Mo ní bóyá wáyà ni, mo yọ ọ́, mo tún un kì bọ̀ ọ́, bákan náà. Mo wá sún mọ́ bẹdiṣíìtì, mo fi ara àti ọwọ́ méjèèjì dí oòrùn, ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé àwòrán wà níbẹ̀, nǹkan kan bí òjìji aláwọ̀ ewé ń rìn ní abẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi, bí mo ṣe gbé ọwọ́ kúrò ó pòórá. Ọmọ kan níwájú bi ìyá ẹ̀ pé, "Mọ́mì, ṣé aṣọ yẹn ò tíì gbẹ ni?" Ahmed Musa gbá gọ́ọ̀lù méjì wọlé lọ́jọ́ yẹn, etí la fi rí méjèèjì. Nígbà tí ìkejì fi máa wọlé, gbogbo àlejò mi ti wà lójú fèrèsé pálọ̀ bàbá onílé, ó ku èmi àti bẹdiṣíìtì.

Túsìdeè tó tẹ̀ lé e, June 26, Argentina, aago méje. Lákòókò yẹn nínú ọdún, oòrùn máa ń wọ̀ n'Íbàdàn ní nǹkan bí ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn aago méje, ẹ fọkàn sí i. Messi gbá tiẹ̀ wọlé ní ìṣẹ́jú kẹrìnlá, òjìji lásán la rí. Ẹ̀yìn ìsinmi, ilẹ̀ ti ṣú dáadáa, Victor Moses gbá pẹnáritì wọlé, a rí i bí ẹni pé a wà ní pápá, a fò, a dì mọ́ra wa. Ìṣẹ́jú 86, Rojo ti Argentina gbá tiwọn wọlé. Èyí tí a ò fẹ́ rí yẹn la wá rí kedere jù.

Purojẹ́kítọ̀ kan náà, bẹdiṣíìtì kan náà, okùn kan náà, láàárín ọjọ́ mọ́kànlá. Aago nìkan ló yàtọ̀.

Ìdí ẹ̀ rèé: purojẹ́kítọ̀ ò lè ṣe dúdú. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ní. Pupa, àwọ̀ ewé àti búlùú ló ń pò mọ́ra, tó bá po mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ó di funfun, ṣùgbọ́n ibi tó bá yẹ kó dúdú nínú fíìmù, irun orí èèyàn, ojú ọ̀run lálẹ́, ńṣe ló máa fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìtan nǹkan kan sí i. Ẹ wo tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n pa, dúdú ni. Ẹ wo bẹdiṣíìtì tí ẹ ò tan nǹkan kan sí, funfun ni. Dúdú tí ẹ ń rí lára bẹdiṣíìtì lálẹ́, òkùnkùn ẹ̀yìnkùlé yín ni, purojẹ́kítọ̀ kàn yá a lò ni. Tí oòrùn bá wà níta, kò rí òkùnkùn kankan yá, irun Messi á funfun bíi ti bàbá mi.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ díẹ̀, kò le. Oòrùn ọ̀sán gangan máa ń da nǹkan bíi lumens 100,000 sórí ibi tó gùn ní mítà kan tó sì fẹ̀ ní mítà kan, lux ni wọ́n ń pè é. Kódà kí ojú ọjọ́ ṣú díẹ̀, ó ṣì lè tó 10,000. Àwòrán tí wọ́n ń pè ní íńṣì 120, láti igun dé igun, fẹ̀ tó mítà 2.7, ó ga tó 1.5, ìyẹn bíi ibi mítà kan sí mítà kan lọ́nà mẹ́rin tí ìmọ́lẹ̀ fẹ́ pín sí. Purojẹ́kítọ̀ ọ́fíìsì gidi tó ní lumens 3,000 tòótọ́, ẹ pín in sí mẹ́rin, lux 750. 750 fẹ́ bá 10,000 jà. Àwọn kékeré bíi tèmi, lumens 200 tòótọ́ ni wọ́n sábà máa ń ní, ìyẹn 50 péré. Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá ti ṣú, òṣùpá àrànmọ́jú gan-an ò tó lux kan. 50 yẹn ti di ọba nìyẹn.

Ẹ ó bi mí pé lumens 12,000 ti páálí wá ńkọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ta olówó pọ́ọ́kú, tí wọn ò bá parọ́ pátápátá, gílóòbù inú ẹ̀ ni wọ́n kà, wọn ò ka ìmọ́lẹ̀ tó jáde láti ojú lẹ́ńsì. Ọ̀nà tó tọ́ ni pé kí wọ́n wọn ìmọ́lẹ̀ ní ibi mẹ́sàn-án lójú àwòrán, kí wọ́n pín àròpọ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sí mẹ́sàn-án, kí wọ́n sì fi bí ojú àwòrán ṣe fẹ̀ tó sọ ọ́ di púpọ̀, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ANSI lumens. Tí páálí ò bá kọ ANSI tàbí ISO sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà, ẹ má bá a ṣeré. Ọgbọ́n kan tún wà tí mo máa ń fi já irú irọ́ bẹ́ẹ̀: ẹ wo wáàtì tó ń jẹ. Gílóòbù LED kì í sábà ju lumens 150 lọ fún wáàtì kan. Ẹ̀rọ tó ń jẹ wáàtì 60, tó bá fún wa ní gbogbo ẹ̀, 9,000 ni, kí LCD, ìyẹn gíláàsì tó ń ya àwòrán nínú ẹ̀, àti lẹ́ńsì tó jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Níbo ni 12,000 ti wá? "1080p supported" náà, ẹ má gbàgbé, 1080p ni bí àwòrán ṣe mọ́ kedere tó, ìtumọ̀ "supported" yẹn sì ni pé ó lè gba fíìmù 1080p wọlé, kì í ṣe pé bẹ́ẹ̀ ló máa gbé e jáde.

Owó tó yẹ kí ẹ fi wá lumens, ẹ fi wá òkùnkùn, ọ̀fẹ́ ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, oòrùn ń wọ̀ láàárín nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ ní November sí ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn aago méje ní July, ilẹ̀ wa sì máa ń yára ṣú, aago méje ààbọ̀ ti tó láti tan fíìmù jálẹ̀ ọdún. Àwọn tiwa tó wà ní London ló ń jìyà, ní June oòrùn ò wọ̀ títí aago mẹ́sàn-án fi kọjá, ẹ tó tan nǹkan tó ṣe é wò ó ti ń lọ sí aago mọ́kànlá, àwọn ọmọ ti sùn. Ìparí August ló dáa fún wọn. Bàbá mi máa ń sọ ìtàn ọkọ̀ sinimá ìjọba tó máa ń wá sí ìlú wọn, pé láti ọ̀sán ni wọ́n á ti ta aṣọ funfun, àwọn ọmọ á ti jókòó sílẹ̀, wọn ò ní tan ẹ̀rọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwọn yẹn mọ iṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bẹ àwọn ará ilé kejì kí wọ́n pa security light. Ẹ dín àwòrán kù, torí tí ẹ bá dín in láti íńṣì 120 sí 60, ìmọ́lẹ̀ tó kan ojú kan náà á di ìlọ́po mẹ́rin, purojẹ́kítọ̀ yín á dà bí ẹni tó jẹun kánú. Bẹdiṣíìtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀yìn jáde, ẹ ta aṣọ dúdú sí ẹ̀yìn ẹ̀, kí ẹ so ìsàlẹ̀ ẹ̀ mọ́lẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ á máa fi ojú òṣèré ṣe eré. Tí ẹ bá ní ògiri tí wọ́n kùn ní ẹmọ́ṣọ̀n funfun tí ò dán, ìyẹn ju bẹdiṣíìtì lọ dáadáa.

Òkùnkùn náà ní tiẹ̀ o. Alẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, à ń wo fíìmù jẹ́ẹ́jẹ́, èsúnsún dé. Ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo tó wà ládùúgbò, tiwa ni. Wọ́n rọ́ gba iwájú lẹ́ńsì, òjìji ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tóbi bí ẹyẹ igún lára ògiri, ìyẹ́ ń já sórí àwọn ọmọ, àwọn ọmọ pa fíìmù tì, wọ́n gbé abọ́ omi, wọ́n ń kó èsúnsún tí wọ́n máa yan. Ọ̀kan wọ inú fáànù purojẹ́kítọ̀, ó pariwo kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ títí a fi tú u lọ́jọ́ kejì. Báyìí, tí òjò bá ti rọ̀, mo máa ń tan iná kan sí ọ̀ọ́kán, jìnnà sí ògiri, mo sì gbé abọ́ omi sábẹ́ ẹ̀.

Sípíkà Bluetooth máa ń pẹ́ lẹ́yìn àwòrán, ẹnu á ti pa dé kí ọ̀rọ̀ tó jáde, wáyà AUX, èyí tó ń so ẹ̀rọ mọ́ sípíkà, ni kí ẹ lò. Jẹ́nẹ́rétọ̀, ẹ gbé e jìnnà sí àwọn èèyàn àti fèrèsé, èéfín yẹn ń pani. Ẹ má gbé ẹkisitẹ́ńṣọ̀n sórí koríko tútù.

Àǹtí gbọ́ sí mi lẹ́nu. Wọ́n gé kéèkì láago márùn-ún, àwọn ọmọ jó, wọ́n jẹ ìrẹsì, aago méje kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni mo tan purojẹ́kítọ̀ mi àtijọ́ yẹn sára ògiri wọn. Ọkọ wọn wò ó títí, wọ́n wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní ṣé mo rò pé wọ́n á gba ti lumens 12,000 yẹn padà lọ́wọ́ àwọn, àwọn ò tíì tú páálí ẹ̀.