Àrokò Ni mRNA: Àlàyé Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Kòrónà Ọmọdé fún Òbí àti Alágbàtọ́

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu àwọn tó ń pe abẹ́rẹ́ yìí ní "abẹ́rẹ́ ìdènà kòrónà". Ìdènà ni kéèyàn dí ọ̀nà pa kí nǹkan má lè kọjá. Abẹ́rẹ́ yìí kì í dí ihò imú ọmọ. Kòkòrò kòrónà ṣì lè wọlé, ọmọ ṣì lè wúkọ́, ó sì lè kó o ran màmá àgbà nílé. Iṣẹ́ tí abẹ́rẹ́ náà ń ṣe ni pé bí àìsàn bá dé, kò ní tètè rí ọmọ náà gbé ṣánlẹ̀. Orúkọ tí kò péye yẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ òbí máa sọ pé wọ́n tan àwọn jẹ, nígbà tí ọmọ gba abẹ́rẹ́ tán tó tún wá kó kòrónà. Ẹni tó fún abẹ́rẹ́ lórúkọ ló ṣì wọ́n lọ́nà.

"Oògùn kòrónà" tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oògùn là ń fún ẹni tí àìsàn ti bá. Ara tó le ni wọ́n ń fún ní abẹ́rẹ́ yìí, kó lè múra sílẹ̀. Bí ibà bá ń ṣe ọmọ lọ́jọ́ tí wọ́n dá, ẹ sún ọjọ́ náà síwájú. Ọ̀fìnkìn lásán tí kò mú ibà dání kò tó ìdí láti sún un.

Àjẹsára ni ọ̀rọ̀ tó bá a mu. Àwọn baba wa ti ní i kí abẹ́rẹ́ tó dé: ohun téèyàn jẹ, tó wọ ara lọ, tó dúró síbẹ̀ de ọjọ́ ewu. Àwọn kan kò fẹ́ ẹ nítorí pé ó ń rán wọn létí iṣẹ́ oníṣègùn ìbílẹ̀. Àwọn mìíràn ní abẹ́rẹ́ kì í ṣe ohun jíjẹ. A ń jẹ oyè, a ń jẹ gbèsè, a ń jẹ orúkọ, kò sí èyí tó gba ẹnu wọlé nínú wọn. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ìyá tó ti gbé ọmọ lọ gba àjẹsára rọpárọsẹ̀ mọ̀ dáadáa kò nílò ìpààrọ̀.

Ibi tí ìjà ti le ni mRNA, ìyẹn ìlànà tí abẹ́rẹ́ ń gbé lọ fún sẹ́ẹ̀lì ara. Abẹ́rẹ́ Pfizer-BioNTech àti ti Moderna, tí wọ́n lò jù fún ọmọdé ní UK àti Amẹ́ríkà, mRNA ni wọ́n. Àwọn atúmọ̀ kan pè é ní "èròjà àbùdá", ọ̀rọ̀ yẹn ló sì bí àhesọ pé abẹ́rẹ́ ń yí àbùdá ọmọ padà. Àwọn mìíràn ní "RNA ońṣẹ́". Ó sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ońṣẹ́ lẹ́sẹ̀, ó lójú. Ó lè jókòó sínú ilé tí wọ́n rán an sí, kó máa wò káàkiri, kó sọ ohun tí wọn kò rán an. mRNA kò lè ṣe ọ̀kankan nínú ìyẹn. Àrokò ni mo ń pè é, n kò sì ní yí i padà.

Ẹ wo àrokò bí wọ́n ṣe ń dì í. Owó ẹyọ mẹ́fà ni, wọ́n á fi òwú so wọ́n pọ̀, wọ́n á dì í dáadáa, wọ́n á fi ránṣẹ́. Ẹni tó gbà á á tú u, á kà á: ẹ̀fà. Ó ti mọ̀ pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ fà mọ́ òun. Owó ẹyọ yẹn kò wọ ìyẹ̀wù rẹ̀, kò yí orúkọ ìdílé rẹ̀ padà, kò sì lè sọ ju ohun tí wọ́n dì sínú rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ló rí nínú apá ọmọ. Ọ̀rá tín-ín-tín ni wọ́n fi di mRNA kó má bàa bàjẹ́ lọ́nà. Bó bá dé inú sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì á tú u, á kà á, á sì ṣe ohun tó wà níbẹ̀: ẹ̀gún tó yọ lára kòkòrò kòrónà. Ẹ̀gún nìkan ni, odindi kòkòrò kò sí níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ kò fi lè fún ọmọ ní kòrónà. Àwọn ọmọ ogun ara á rí ẹ̀gún náà, wọ́n á mọ̀ ọ́n lójú de ọjọ́ mìíràn. Àbùdá ọmọ wà ní kókó sẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀yìn òde kókó yẹn ni wọ́n ti ń ka àrokò, kì í wọbẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, sẹ́ẹ̀lì á ti fọ́ ọ túútúú.

Bí èyí bá ti yé wa, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n kò ní ṣòro. Ti Pfizer, máíkírógíráàmù 30 ni fún ẹni ọdún 12 sókè, 10 fún ọmọ ọdún 5 sí 11, 3 fún ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún 4. Ọjọ́ orí ni wọ́n ń wò, wọn kì í gbé ọmọ sórí ìwọ̀n. Ọmọ ọdún 11 tó sanra ju ọmọ ọdún 14 lọ, 10 náà ni tirẹ̀. Parasitámọ́ọ̀lù ló yẹ ká fi ìwúwo ọmọ díwọ̀n, torí pé ó gbọ́dọ̀ bá ẹ̀jẹ̀ káàkiri gbogbo ara. Àrokò kò nílò ìrìn yẹn. Apá àti kókó abẹ́ abíyá ni wọ́n ti ń ka èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ara ọmọdé sì yára dáhùn. Nígbà tí wọ́n dán 10, 20 àti 30 wò lára ọmọ ọdún 5 sí 11, 10 nìkan ti tó láti mú èròjà agbóguntàrùn jáde bíi ti ọ̀dọ́ ọdún 16 sí 25 tó gba 30, ara ríro àti ibà rẹ̀ sì kéré. Nínú ìdánwò yẹn, ọmọ bíi 2,200 ni wọ́n kà mọ́ ọn, ìdá méjì nínú mẹ́ta gba abẹ́rẹ́ gidi, ìyókù gba omi iyọ̀. Ọmọ mẹ́ta ló kó kòrónà láàárín àwọn tó gba tòótọ́, mẹ́rìndínlógún láàárín àwọn olómi iyọ̀. Ìgbà tí irú kòrónà tí wọ́n ń pè ní Delta gbòde nìyẹn. Nígbà tí irú mìíràn, Omicron, dé, ààbò lórí kíkó o tètè lọ sílẹ̀. Èyí tó ń gba ọmọ lọ́wọ́ àìsàn líle ló pẹ́ jù.

Òbí máa ń béèrè ìdí tí wọn kò fi fa díẹ̀ nínú ti àgbàlagbà fún ọmọ. Ìgò àkọ́kọ́ ti àgbàlagbà, elésèé àlùkò lórí, mílílítà 1.8 omi iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí i, wọ́n á sì fa 0.3 fún ẹnì kan. Ìdá mẹ́ta rẹ̀ á jẹ́ 0.1, ó kéré débi pé àṣìṣe bíńtín nínú síríńjì á ba ìwọ̀n jẹ́. Ìgò ọmọ ọdún 5 sí 11 nígbà náà, aláwọ̀ ọsàn, 1.3 ni wọ́n ń dà sí i, 0.2 ni wọ́n ń fà, ó sì tó ọmọ mẹ́wàá. Nọ́ọ̀sì á rọra dorí ìgò kodò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kò gbọ́dọ̀ mì í jìgìjìgì, torí pé mímì ń tú ọ̀rá tí wọ́n fi di àrokò. Wákàtí 12 lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pò ó, èyí tó bá ṣẹ́ kù di ohun dídànù. Wọ́n ti yí àwọ̀ ìdérí padà láti ìgbà náà, torí náà iye máíkírógíráàmù ni kẹ́ ẹ bi nọ́ọ̀sì.

Ẹ wo bí UK ṣe ṣe é, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. MHRA, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò oògùn níbẹ̀, fọwọ́ sí ti Pfizer fún ọmọ ọdún 12 sí 15 lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 2021. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, JCVI, ìgbìmọ̀ tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí àjẹsára, ní àǹfààní rẹ̀ fún ọmọ tí ara rẹ̀ le ju ewu lọ, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló fi jù ú. Wọ́n ní kí àwọn olórí dókítà ìjọba wo ti ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń pàdánù mọ́ ọn. Àwọn yẹn fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ ẹyọ kan lọ́jọ́ 13 oṣù náà. Ti ọdún 5 sí 11 bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ ní England lóṣù Kẹrin ọdún 2022: abẹ́rẹ́ méjì, ọ̀sẹ̀ 12 láàárín wọn. Amẹ́ríkà fi ọ̀sẹ̀ 3 bẹ̀rẹ̀.

Ìdí ọ̀sẹ̀ 12 yẹn ṣe pàtàkì. Abẹ́rẹ́ mRNA lè mú kí iṣan ọkàn wú. Ó ṣọ̀wọ́n, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ló sì ń ṣe jù, lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kejì, láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí àlàfo bá gùn, ewu yìí ń dín kù. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ṣe ló sàn pẹ̀lú ìsinmi. Àyà dídùn, èémí tó ń já, ọkàn tó ń lù kìkì: bí ọmọ bá sọ ọ̀kan nínú wọn lọ́sẹ̀ tó gba abẹ́rẹ́, ẹ má fún un ní àgbo, ẹ má ní ó ń ṣe ọ̀lẹ. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Àìsàn kòrónà fúnra rẹ̀ náà ń ṣe iṣan ọkàn báyìí. Ó sì ní òmíràn tí UK ń pè ní PIMS-TS: ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà lẹ́yìn kòrónà, ibà líle á dé, inú á máa run ọmọ, ara á sú. Ọmọ aláwọ̀ dúdú àti ti Éṣíà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ṣe ní UK.

Apá ríro, orí fífọ́, àárẹ̀ àti ibà ọjọ́ kan sí méjì kì í ṣe ohun ìbẹ̀rù. Parasitámọ́ọ̀lù ọmọdé ni kẹ́ ẹ lò, bí ìwé ara ìgò bá ṣe wí, bí ibà bá ti dé. Ẹ má fún un ṣáájú abẹ́rẹ́. Ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 ní aspirin. Ikọ́ kì í sì tara abẹ́rẹ́ wá: bí ọmọ bá ń wúkọ́, ẹ wá ohun mìíràn. Ọmọ tí ẹ̀pà tàbí ẹyin kì í bá lára mu lè gbà á. Èyí tí ara rẹ̀ kọ polyethylene glycol, tó wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í, dókítà ló gbọ́dọ̀ rí i ná.

Ẹ má retí lẹ́tà fún ọmọ tí ara rẹ̀ le mọ́. England ti parí ti gbogbogbòò ní ìparí oṣù Kẹfà ọdún 2023. Ní ọdún 2025, ọmọ oṣù mẹ́fà sókè tí àìlera tàbí ìtọ́jú ti sọ àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ di ahẹrẹpẹ ni NHS, ètò ìlera ìjọba UK, ń pè. Amẹ́ríkà náà yí ìlànà padà lọ́dún 2025, òbí àti dókítà ni kó jọ jókòó sọ ọ́. Ní Nàìjíríà, àgbà ọdún 18 sókè ni ètò náà fi bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2021. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, àwọn onímọ̀ WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fi ọmọ tí ara rẹ̀ le sí ìpele ìsàlẹ̀ nínú àwọn tó yẹ kó gbà á, wọ́n ní àwọn àjẹsára ọmọdé tó ti wà tẹ́lẹ̀ ń gba ẹ̀mí jù ú lọ. Ní Nàìjíríà, ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò tíì gba ti èèyi lóṣù 9 àti oṣù 15, kó lọ gba ìyẹn ná.

Fún ẹ̀yin alágbàtọ́: àǹtí, ẹ̀gbọ́n bàbá, ìyá àgbà tí ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní UK, òfin kò ka ìbátan sí àṣẹ. Ẹni tí òfin gbé ojúṣe òbí lé lọ́wọ́ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kó tẹ̀ lé ọmọ lọ. Kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i, kẹ́ni tó ń mú ọmọ lọ mú un dání pẹ̀lú ìwé pupa tí wọ́n ń kọ ìlera ọmọ sí àti orúkọ oògùn tó ń lò. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 tó lóye ọ̀rọ̀ náà dáadáa lè fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀. Àwọn tó ju ọdún kan lọ, apá òkè ni, ẹ wọ aṣọ alápá gbẹ̀rẹ̀ fún wọn. Ìkókó tí kò tíì pé ọdún kan, itan ni wọ́n máa fún un.